Níbo Ni Tíátà Wà Lóru? Yíyan Ibi Ìbímọ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Obìnrin tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gba ọmọ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó tún wá lóyún, ìbéèrè kan ló sábà máa ń gbé wá sí ilé ìwòsàn: “Ṣé mo ṣì lè bí fúnra mi?” Ìdáhùn ibẹ̀ dùn ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Nínú 100 obìnrin tí iṣẹ́ abẹ wọn jẹ́ ẹyọ kan, tí dókítà yẹ̀ wò, tó sì ní kí wọ́n gbìyànjú, bí 72 sí 75 ló ń bí fúnra wọn. Èyí tó bá ti bí fúnra rẹ̀ rí, ì báà jẹ́ ṣáájú iṣẹ́ abẹ yẹn tàbí lẹ́yìn rẹ̀, tirẹ̀ tún sàn jù bẹ́ẹ̀: bí 85 sí 90 nínú 100. Ẹni tó bá ń sọ pé ẹni tí wọ́n bá ti là nínú lẹ́ẹ̀kan, abẹ náà ni títí ayé, kò sọ òótọ́.

Ìbéèrè kejì ni a kì í sábà gbọ́ lẹ́nu wọn, òun ló sì wúwo jù: níbo ni mo ti fẹ́ bí i? Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ọ̀nà tó wà nílẹ̀ pọ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba wà, ilé ìwòsàn aládàáni wà káàkiri, ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wà, ìyá àgbẹ̀bí àdúgbò wà, ọ́sílárì tó ń gbẹ̀bí nínú yàrá rẹ̀ náà sì wà. Kò sí èyí tí kò ní sọ pé òun lè ṣe é nínú wọn.

Èrò tèmi kò fara sin. Ilé ìwòsàn tó yẹ obìnrin yìí ni ibi tí wọ́n ti lè gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì ìrọbí dórí tábìlì tíátà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ní aago méjì òru bíi ti aago mẹ́wàá àárọ̀, lọ́jọ́ Àìkú bíi ti ọjọ́ Ajé. Ibi tí kò bá ti sí èyí, bó ti wù kí ibẹ̀ mọ́ tó, bó ti wù kí àwọn tó wà níbẹ̀ láàánú tó, kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kó bí sí.

Ojú àpá kì í jọ ojú ara

Tí ọmọ bá ti jáde, dókítà á rán ilé ọmọ padà, á sì jinná. Ṣùgbọ́n ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ibi tí wọ́n rán yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé nígbà ìrọbí tó ń bọ̀, torí ibẹ̀ ló lè ya nígbà tí ilé ọmọ bá ń fún pọ̀ láti sún ọmọ wálẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gé e ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lóde òní ni kí wọ́n gé ilé ọmọ ní ìbú lápá ìsàlẹ̀, níbi tó ti fẹ́lẹ́, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ fún pọ̀ nígbà ìrọbí. Àpá bẹ́ẹ̀ ṣeé fọkàn tán. Tó bá jẹ́ òòró ni wọ́n gé e lápá òkè, níbi tí iṣan rẹ̀ ti nípọn, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Tí ìrọbí bá mú 100 obìnrin tó ní irú àpá bẹ́ẹ̀, 2 sí 9 nínú wọn ni ilé ọmọ wọn lè ya, ti àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń ya kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹni tó ní àpá yìí kò gbọ́dọ̀ dúró de ìrọbí níbikíbi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ojú gígé tirẹ̀ rí bíi lẹ́tà T tàbí J, àti ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ti ya rí. Dókítà gbọ́dọ̀ ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wọn kí ìrọbí tó rò ó láti dé.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n ń wo ara awọ. Àpá tó wà nísàlẹ̀ ikùn, níbi tí pátá ń bò, kò fi hàn pé ìbú náà ni wọ́n gé inú. Àpá tó sì wà lóòró láti ìdodo wá sílẹ̀ kò fi hàn pé òòró ni wọ́n gé ilé ọmọ. Awọ lọ́tọ̀, ilé ọmọ lọ́tọ̀. Kò sí nọ́ọ̀sì tàbí ìyá àgbẹ̀bí tó lè fi ojú wo ikùn yín kó sọ bí inú ṣe rí. Ìwé tí dókítà kọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè sọ ọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní operation note.

Ẹ lọ gba ìwé náà ní kùtùkùtù oyún. Tí ẹ bá dúró di oṣù kẹjọ, àsìkò á ti fún yín. Ẹ mú káàdì àtijọ́ dání, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ẹ sì béèrè ẹ̀dà operation note tàbí lẹ́tà tó ṣàlàyé nǹkan mẹ́ta: ìdí tí wọ́n fi ṣe é, bí wọ́n ṣe gé ilé ọmọ, àti bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, bíi kí ojú gígé náà ya kọjá ibi tí wọ́n fẹ́, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ Èkó tàbí Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é, ẹ rán ẹbí tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tí ẹ fọwọ́ sí.

Tí fáìlì bá sọnù ńkọ́? Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ọ̀nà ti dí. Dókítà á fi ìbéèrè wá a: oṣù mélòó ni oyún náà nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ? Ṣé ọmọ dábùú ni, tí omi sì ti tú? Ṣé ibi ọmọ ló dí ẹnu ọ̀nà? Ṣé ìju (fibroid) wà nínú ilé ọmọ lápá ìsàlẹ̀? Nínú irú ipò wọ̀nyí ni dókítà ti lè gé òòró. Tó bá jẹ́ pé oyún pé oṣù, tí orí ọmọ wà nísàlẹ̀, tí ìrọbí pẹ́ títí kí wọ́n tó gbé e wọ tíátà, ìbú ló ṣeé ṣe jù. Tí ẹnì kan bá sì sọ fún yín lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìgbà yẹn pé ẹ má ṣe gbìyànjú láti bí fúnra yín mọ́, ẹ sọ ọ́ fún dókítà tuntun gẹ́gẹ́ bó ṣe wí i.

Ìdí iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ náà ṣe pàtàkì. Tó bá jẹ́ pé ìdí ni ọmọ gbé síwájú, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, tàbí ọkàn ọmọ ló ń lọ sílẹ̀, àwọn yẹn lè má tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹnu ilé ọmọ ṣí tán tí ọmọ kò sì lè kọjá, ìrètí dín kù díẹ̀, àmọ́ kò tán. “Ìdí ẹ kò gba ọmọ” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ lásán fún ọ̀pọ̀ obìnrin; nígbà mìíràn ọ̀nà tí ọmọ gbà kọrí ló fà á, kì í ṣe egungun ìyá.

Bí ilé ọmọ bá ya

Fún ẹni tó ní àpá ìbú kan ṣoṣo, tí ìrọbí sì mú fúnra rẹ̀, bí 1 nínú 200 ni ilé ọmọ rẹ̀ lè ya. Ìyẹn ni pé 199 nínú wọn kò ní rí i. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye yìí dẹ́rù ba aboyún. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tó kù yẹn ni mo ń tìtorí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ibi ìbímọ, torí kò sí bí a ṣe lè mọ ẹni tí yóò jẹ́ ṣáájú.

Nígbà tí oyún bá pé oṣù, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ilé ọmọ kọjá máa ń tó 500 sí 700 mílílítà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kékeré kan àti ààbọ̀, tàbí méjì, ní ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ìyá náà kò ju lítà mẹ́fà lọ púpọ̀. Tí ibi tí wọ́n rán bá ya gbàrà, inú ikùn ni ẹ̀jẹ̀ ń dà sí, níbi tí ojú kò ti tó o, tí ibi ọmọ sì lè ṣí kúrò lára ilé ọmọ. Afẹ́fẹ́ tí ọmọ ń rí gbà á dáwọ́ dúró. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1993 fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n yọ kó tó pé ìṣẹ́jú 18 lẹ́yìn tí ọkàn wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀ tí kò gbéra mọ́ ni wọ́n sàn jù. Àwọn tó kọjá bẹ́ẹ̀ ni ìpalára pọ̀ fún.

Ẹ fi ìṣẹ́jú 18 yẹn sọ́kàn, ẹ wá rò ó wò láti ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìdànrè. Ẹni tó ń gbẹ̀bí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti yí. Wọn á pe ọkọ. Wọn á wá mọ́tò lóru. Ojú ọ̀nà Ìdànrè sí Àkúrẹ́ nìkan ti ju ìṣẹ́jú 18 lọ. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, káàdì kò sí, ẹ̀jẹ̀ kò sí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò látìbẹ̀rẹ̀. Láti Oǹdó sí Àkúrẹ́ ńkọ́? Ìyẹn lè gba wákàtí kan gbáko. Kódà láàárín Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀, láti ilé ìgbẹ̀bí kan lẹ́yìn Ọ̀bà-Ilé dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Òkè-Àró, àsìkò tí wọ́n fi ń jiyàn, tí wọ́n fi ń wá ẹni tó máa wa mọ́tò, tí wọ́n fi ń sanwó káàdì, á jẹ ìṣẹ́jú náà tán.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ilé ìgbẹ̀bí ìjọ, ilé ìyá àgbẹ̀bí, àti ilé tiwa fúnra wa kì í ṣe ibi tí ẹni tó ní àpá lára ilé ọmọ ti yẹ kó bí. Kì í ṣe pé àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ kò mọṣẹ́. Ọwọ́ wọn tutù, wọ́n ń fi sùúrù báni gbé, wọn kì í pariwo mọ́ obìnrin tó wà nínú ìrora, owó wọn kò pọ̀. Ìfẹ́ tó wà níbẹ̀ ló ń fa àwọn obìnrin, ó sì yẹ kí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n sùúrù kò lè ṣí ikùn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó fúnra rẹ̀ ti fi ètò Abiyè, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 láti ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ̀dọrẹ, àti ètò Àgbẹ̀bíyè tó tẹ̀lé e, gbìyànjú láti mú kí aboyún máa bí ní ilé ìwòsàn, kí àwọn ìyá àgbẹ̀bí sì máa darí wọn síbẹ̀. Ìyá àgbẹ̀bí tó bá rí àpá, tó sì sọ pé “ọmọ mi, lọ sí ọsibítù”, oore ńlá ló ṣe.

Èyí tó ń bani nínú jẹ́ jù ni àwọn tó ń fi àpá pa mọ́. Obìnrin á sọ fún ilé ìgbẹ̀bí pé àìsàn appendix ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ fún, nítorí kó má bàa di pé wọ́n lé e lọ. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má bàa tún là á. Ìbẹ̀rù yẹn, àwa tó ń tọ́jú aboyún ni a lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: kí a sọ fún un ní kedere pé ó lè bí fúnra rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, dípò ká máa fi abẹ halẹ̀ mọ́ ọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ti wá forúkọ sílẹ̀. Àdúrà pé kó bí bíi obìnrin Hébérù, kí a gbóhùn ìyá kí a gbóhùn ọmọ, kò ní kó má lọ sí ilé ìwòsàn. Pásítọ̀ lè gbà á níbi ìjókòó ẹbí, ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí tíátà.

Bí a ṣe ń bi ilé ìwòsàn léèrè

Ní Àkúrẹ́, ilé ìwòsàn Mother and Child tí wọ́n ṣí ní 2010 wà, Oǹdó náà ní tirẹ̀. Méjèèjì wà lábẹ́ ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ti ìpínlẹ̀, UNIMED. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀wọ̀ fún àwọn tó wà ní ìhà ibẹ̀. Irú ibi báyìí ni mo máa ń ní kí èèyàn kọ́kọ́ wò, torí pé dókítà máa ń sùn síbẹ̀. Àmọ́ orúkọ ilé ìwòsàn nìkan kò tó. Ilé ìwòsàn aládàáni kan lè ṣe é dáadáa ju ti ìjọba lọ. Òmíràn ní pátákó ńlá lójú títì, tí kò sì sí ohun kan nínú rẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́.

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n kì í ṣe “Ṣé ẹ ní tíátà?” Gbogbo wọn ló máa ní. Ẹ béèrè pé: ta ló máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà tó bá di aago méjì òru, níbo ló ń sùn? Ta ló máa kun mí lóorun, ṣé inú ọgbà ló wà àbí wọ́n máa pè é láti ilé ìwòsàn mìíràn? Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni, dókítà kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń kunni lóorun sì ń yí láti ibì kan sí òmíràn. Tó bá wà nínú tíátà ẹlòmíràn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó di kí ẹ dúró dè é. Fún iṣẹ́ abẹ tí wọ́n dá ọjọ́ rẹ̀, kò burú. Fún ilé ọmọ tó ya, ó burú gan-an.

Ẹ béèrè ẹ̀jẹ̀. Ṣé inú fíríìjì tiwọn ló wà, àbí wọ́n máa rán èèyàn lọ ra á? Ó kéré tán, kí ẹ̀jẹ̀ báàgì méjì tó bá tiyín mu ti wà nílẹ̀ kí ìrọbí tó wọra. Ẹ béèrè iná: tí iná ìjọba bá lọ, ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀, ṣé epo máa ń wà nínú rẹ̀ lóru? Ẹ béèrè ọmọ: ta ló máa gba ọmọ tí kò sunkún, ṣé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wà nítòsí?

Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọkàn ọmọ. Èyí ni mo kà sí pàtàkì ju àwọn ohun èèlò olówó ńlá lọ, torí àmì tó máa ń kọ́kọ́ hàn jù lọ pé àpá ń ya ni pé ọkàn ọmọ yí padà. Tí ẹ̀rọ tó ń kọ ìlùkìkì ọkàn ọmọ sórí bébà bá wà, ẹ béèrè bóyá bébà rẹ̀ wà, torí ọ̀pọ̀ ló wà láìní bébà. Tí kò bá sí ẹ̀rọ, nọ́ọ̀sì tó ń fi Pinard tàbí Doppler, ohun èlò kékeré tí wọ́n ń gbé lé ikùn, gbọ́ ọ ní gbogbo ìṣẹ́jú 15, fún ìṣẹ́jú kan gbáko lẹ́yìn tí ìrora bá rọlẹ̀, ló yẹ. Tí ẹnu ilé ọmọ bá ti ṣí tán, kó di ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ọkàn ọmọ tó dára máa ń lù láàárín 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan. Tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo bá ń ṣọ́ obìnrin mẹ́fà tó ń rọbí, kò lè ṣe èyí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín.

Ẹ fi fóònù dán wọn wò. Ẹ pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ẹ béèrè bóyá dókítà tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ wà nínú ọgbà. Bí wọ́n bá gbé e, tí wọ́n dáhùn tààrà, ẹ ti mọ nǹkan. Bí kò bá sẹ́ni tó gbé e, ẹ ti mọ nǹkan náà.

Ẹ má gbàgbé ìyanṣẹ́lódì. Ilé ìwòsàn ìjọba tó dára jù lónìí lè wà ní títì lọ́jọ́ tí oyún yín bá pé. Ẹ ní ibì kejì, ẹ sì ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú, kí fáìlì yín wà níbẹ̀.

Kí ìrọbí tó dé

Tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ 36, kí ẹ àti dókítà ti fẹnu kò, kí ó sì wà nínú káàdì yín ní kíkọ: a fẹ́ gbìyànjú, tàbí a fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Tí ẹ bá yan iṣẹ́ abẹ, ọ̀sẹ̀ 39 ni wọ́n sábà máa ń dá a sí, kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ti gbó. Ohun tí dókítà máa wò ni ibi tí ibi ọmọ wà lórí àwòrán scan, torí tó bá jókòó lé àpá, ọ̀rọ̀ di ti àgbà dókítà pátápátá; bí ọmọ ṣe tóbi tó, torí tó bá ju kílò mẹ́rin lọ ìrètí dín kù; àti bó ṣe pẹ́ tó láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Bí oṣù tó wà láàárín ìbí kìíní àti èkejì kò bá tó 18 sí 19, ewu kí àpá ya máa ń pọ̀ sí i. Ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ méjì fún lè gbìyànjú nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n yíya tirẹ̀ pọ̀ sí i, àgbà dókítà nìkan ló lè sọ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń gbé ní Ìdànrè, Ìgbàrà-Òkè tàbí Bọ́lọ́runduró, kó lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí kan nítòsí ilé ìwòsàn láti ọ̀sẹ̀ 38. Owó ilé ẹbí kò tó owó áńbúláǹsì, ìṣẹ́jú sì ni à ń rà.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìfọwọ́sí náà gbọ́dọ̀ ti yanjú. Obìnrin tó ti dàgbà lè fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ ara rẹ̀, àmọ́ a mọ bó ṣe rí nílé wa: wọ́n ń dúró de ọkọ, ọkọ ń dúró de màmá rẹ̀, màmá ń pe alàgbà. Kí ẹ jókòó pẹ̀lú ọkọ àti ìyá ọkọ lóṣù kẹjọ, kí ẹ sọ pé bí dókítà bá ní kí wọ́n gbé wa wọ tíátà, kò sí ìpàdé kankan. Kí owó iṣẹ́ abẹ wà nílẹ̀ tó bá ṣeé ṣe, bí ẹ ò bá tilẹ̀ ná an. Ní oṣù kọkànlá 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé iṣẹ́ abẹ ìbímọ yóò di ọ̀fẹ́ fún àwọn obìnrin tí kò lágbára. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn yín bóyá wọ́n wà nínú ètò náà.

Tí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀, tàbí omi tú, tàbí ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ má jókòó sílé kí ìrora tó le. Ẹ lọ. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi kánúlà ńlá, rọ́bà tí omi àti ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ara, sí yín lọ́wọ́. Àwọ̀ eérú ni ti nọ́ńbà 16, àwọ̀ ewé ni ti 18. Aláwọ̀ búlúù kékeré tí wọ́n fi ń gba omi sára àwọn aláìsàn ibà kò tó fún ẹni tó lè nílò ẹ̀jẹ̀ kíákíá.

Ohun mẹ́rin ni kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ yín. Èkíní ni àgbo tí wọ́n ní ó ń mú ìrọbí yá. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe lágbára tó, ó sì lè mú ilé ọmọ fún pọ̀ láìsinmi. Èkejì ni abẹ́rẹ́ oxytocin, tó ń mú ilé ọmọ fún pọ̀, tí wọ́n gún sí itan tàbí ìdí kí ọmọ tó jáde. Ní ilé ìwòsàn tó pé, dókítà lè fi díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ sínú dírípù, kó máa ka bó ṣe ń kán, pẹ̀lú ẹni tó jókòó tì í, àti ní mímọ̀ pé yíya àpá lè di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí itan kò ṣeé yọ padà. (Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jáde, abẹ́rẹ́ yẹn kan náà, yúnítì 10, ló ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹ gbà á.) Ẹ̀kẹta ni misoprostol, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Cytotec, tí òun náà ń mú ilé ọmọ fún pọ̀. Máíkírógíráàmù 200 ló wà nínú hóró kan, wọn á máa fi bíléèdì gé e, kò sì sí ẹni tó gé e dọ́gba rí. Fún ẹni tó ní àpá lára ilé ọmọ, tí oyún rẹ̀ ti pọ̀, hóró náà kò yẹ rárá, bó ti wù kí wọ́n gé e kéré tó. Ẹ̀kẹrin ni ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ tàbí ìgbọ̀nwọ́ tẹ ikùn yín kí ọmọ lè jáde.

Tí oyún bá kọjá ọ̀sẹ̀ 41 tí ìrọbí kò dé, dókítà lè fi rọ́bà Foley tí wọ́n fi omi kún rọra ṣí ẹnu ilé ọmọ, èyí sàn ju hóró lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni. Ìyẹn kì í ṣe ìṣubú.

Nínú ìrọbí fúnra rẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀ tí ìrora bá wà láàárín ìrọbí kan àti èkejì tí kò rọlẹ̀, tí ibi àpá bá ń dunni ní ọ̀nà tí kò rí bíi ti ìrora ìrọbí, tí èjìká bá ń ro yín lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lójú ara tàbí nínú ìtọ̀, tí ìrora tó ti le bá dákẹ́ wàì, tàbí tí òòyì bá ń kọ́ yín. Kí ẹni tó tẹ̀lé yín wá mọ èyí pẹ̀lú, torí ẹ lè má lè sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń kọ partograph, bébà tí wọ́n fi ń tọ bí ìrọbí ṣe ń lọ. Tó bá ṣofo lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ yín. Tí ẹnu ilé ọmọ kò bá ṣí sí i mọ́ fún wákàtí bíi mélòó kan, kí wọ́n má ṣe máa fi abẹ́rẹ́ lé e. Kí àgbà dókítà wá wò ó.

Ìdí tí gbogbo làálàá yìí fi tọ́ ni pé iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan ń mú ti ẹ̀yìn rẹ̀ nira sí i. Ìfun lè lẹ̀ mọ́ra, ibi ọmọ sì lè wọnú àpá kó má ṣeé yọ, títí tí wọn yóò fi yọ ilé ọmọ kúrò. Fún obìnrin tó fẹ́ ọmọ mẹ́rin, ìbí fúnra ẹni lẹ́ẹ̀kan jẹ́ èrè ńlá. Fún ẹni tó fẹ́ ọmọ méjì péré, tó sì fẹ́ kí wọ́n dá ọjọ́ fún òun, iṣẹ́ abẹ náà dára, kí ẹnikẹ́ni má bú u.

Lẹ́yìn tí ọmọ bá dé, ẹ dúró ní ilé ìwòsàn fún wákàtí 24 ó kéré tán. Kí wọ́n máa wo ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde, kí wọ́n máa wọn ìfúnpá àti ìlùkìkì ọkàn yín. Àpá lè ya nígbà tí ọmọ ń jáde kí ẹ̀jẹ̀ má sì hàn títí wákàtí díẹ̀ yóò fi kọjá. Tí ẹ bá fẹ́ lọ sílé, ẹ gba ìwé tó sọ ọjọ́ ìbí, bí ọmọ ṣe wúwo tó, àti pé ẹ bí fúnra yín lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọkọ àti ẹnì kan mìíràn tí kì í pa fóònù rẹ̀ rẹ́, ẹ sì béèrè ọ̀rọ̀ ìfètò sọ́mọ bíbí kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù.